Ẹni Tí Wọ́n Bá Nà Ló Ń Po Káàdì

Ìyá Àlejò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bímọ, kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí èèyàn ń pè ní ìyá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Ilé iṣẹ́ wọn ló ni eré káàdì kan tó wà lórí fóònù, tí ẹyẹ lóríṣiríṣi ti ń bá ara wọn jà. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síbẹ̀, òun ni yóò kí i káàbọ̀, òun náà ni yóò bá a ṣe eré àkọ́kọ́. Bí eré àkọ́kọ́ yẹn sì ṣe gbọ́dọ̀ parí ti wà nínú òfin iṣẹ́: àlejò ló gbọ́dọ̀ borí. Ìyá Àlejò yóò fi ẹyẹ tó lágbára jù pa mọ́ sọ́wọ́, yóò ju ẹyẹlé sílẹ̀ fún àṣá ẹni ẹlẹ́ni, yóò sì kọ̀wé sí onítọ̀hún pé, “Ẹ mà mọ eré yìí o.” Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún ni.

Ohun tí ilé iṣẹ́ náà fi ń yangàn ni pé káàdì tó bá ti di tìẹ, tìẹ ni títí ayé. Orúkọ tí o ń jẹ́ nínú eré yóò wà lára rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, tí ẹnikẹ́ni ò lè dá nìkan pa rẹ́. Bulọkiṣéènì ni wọ́n ń pè é. O lè ta káàdì rẹ, o lè fi tọrẹ, o sì lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí o máa bá tìẹ lọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí iye káàdì ń ròkè, àwọn èèyàn ń rọ́ wọlé. Nígbà tó já wálẹ̀, ilé dá páropáro. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, wọn ò rí ẹnì kan mọ́. Káàdì wọn ṣì wà níbẹ̀ o, kò sí èyí tó sọnù. Àwọn tó ni ín ló sọnù.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jẹ èékánná tí ọ̀rọ̀ bá ti sú u, pè é sí yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní kó wá àwọn tó ti lọ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n ní ohun tó lé wọn. Ó pè wọ́n. Ọ̀kan ní owó lòun bá wá, owó ò sì sí mọ́. Òmíràn ní òun ò tiẹ̀ rántí pé òun ní káàdì kankan. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní eré náà dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń retí òun níbẹ̀. Ìyá Àlejò ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì bi nínú àwọn tó lọ, ẹni yẹn sì ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni.

Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n yìí ló gé páálí bàtà sí wẹ́wẹ́, tó ya ẹyẹ sí i lára, tó sì ṣòfin bí wọn yóò ṣe máa jà. Kò sí àánú nínú òfin rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń na àbúrò rẹ̀ nídìí eré náà, òfin kan sì wà tó ga ju ìyókù lọ: ẹni tí wọ́n bá nà ló ń po káàdì fún eré tó kàn. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà wá yá sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Apokáàdì. Yóò sunkún, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, yóò sì pò ó. Ta ni yóò sì po káàdì tán tí yóò wá dìde lọ? Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, títí ìyá wọn yóò fi pariwo oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n dàgbà, ó di káfíńtà ní ìlú míì. Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, ọ̀rọ̀ àárín wọn di “ṣé dáadáa ni” àti “a dúpẹ́.” Kì í ṣe pé wọ́n jà, kò kàn sí ohun tó ń mú wọn jókòó síbì kan náà mọ́ ni. Ìgbà tí àbúrò ríṣẹ́ sídìí eré káàdì ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé, ó sì wọlé. Ní ọ̀sán Sátidé, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, yóò wá, wọn yóò ṣeré, wọn yóò sì máa kọ̀wé síra wọn: igi tó gbówó lórí, ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ọbẹ̀ tí ìyá wọn máa ń jẹ́ kó jóná. Inú àbúrò ń dùn débi pé àárọ̀ Sátidé ló ti ń gbálẹ̀ yàrá, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá jókòó lórí àga. Ó wá di Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n ò wá. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò wá. Tó bá pè é, á ní iṣẹ́ ló wọ òun lọ́rùn.

Àwọn ẹyẹ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n tò sílẹ̀ rẹ́rẹ́. Àbúrò a máa ṣí ojú ewé náà, a máa wò ó ṣáá, bí ẹni tó ń wo bàtà ẹni tó rìnrìn àjò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Gbogbo ohun tí bulọkiṣéènì ṣèlérí ló pé síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni kò sí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó di Sátidé míì, ó wọkọ̀ lọ bá a. Ó gbé agolo bisikíìtì àtijọ́ kan dání, èyí tí káàdì páálí wọn wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó kàn rí i pé ọwọ́ òun ti mú un.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi sáńdípépà fá ara ilẹ̀kùn kan, ẹ̀rún igi bò ó dé ìpéǹpéjú. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Inú rẹ̀ dùn láti rí i, ìyẹn hàn, àmọ́ kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó bi í bóyá àwọn àlejò rẹ̀ ti lé e kúrò níbi iṣẹ́ ni. Àbúrò rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, kò sì lè rẹ́rìn-ín pẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín tí ẹ ò fi wá mọ́?”

Ẹ̀gbọ́n fá igun ilẹ̀kùn náà títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, láìwo ojú rẹ̀.

“O máa ń jẹ́ kí n nà ẹ́.”

Ó wá ṣàlàyé. Tí eré bá ti parí lórí fóònù, èèyàn lè padà wò ó, kó sì rí káàdì tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Torí kí àwọn àlejò lè kọ́ eré ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Sátidé tó lọ gbẹ̀yìn, ó na àbúrò rẹ̀, ayọ̀ sì mú un débi pé ó fẹ́ tún ìjà náà wò. Ó rí àṣá, ẹyẹ tó lágbára jù, lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jù ú sílẹ̀. Ó wo ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ó ti fi ìṣẹ́gun wọ̀nyẹn fọ́nnu fún gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ojú ti àbúrò. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tó mú ìwà náà wọ àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ ni,” ló lè sọ.

“Nígbà tí mo ń nà ẹ́ nílé, o máa ń sunkún,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ṣé o lọ?”

Fóònù àbúrò mì nínú báàgì, ó mọ̀ pé ọ̀gá ni, tó ń béèrè ohun tó lé àwọn èèyàn. Ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, àmọ́ bí ilé iṣẹ́ yóò ṣe fi irú rẹ̀ sínú òfin eré wọn ni kò yé e. Kò gbé fóònù náà. Agolo bisikíìtì ló gbé sórí tábìlì iṣẹ́, ó sì ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n ju sáńdípépà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó wo ẹyẹlé tí òun fúnra rẹ̀ fi eyín jẹ etí rẹ̀ nígbà kan tí ebi ń pa á, ó sì wo òwìwí tí ojú rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n gbá ẹ̀rún igi kúrò lórí tábìlì, wọ́n pín káàdì.

Ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n ò tíì dín. Ó gba ẹyẹlé àbúrò, ó gba igún rẹ̀, ó ń mi orí jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ó wá ku díẹ̀ kí eré parí, àṣá sì wà lọ́wọ́ àbúrò. Ó rí i tí ìka òun ń fà á sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ó wo irun funfun náà, àánú ṣe é, ìfẹ́ rẹ̀ sì gbá a láyà débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Síbẹ̀, ó ju àṣá sílẹ̀.

Kò na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láyé títí di ọjọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ tábìlì. Ẹ̀rù ba àbúrò pé òun ti ba èyí tó kù láàárín wọn jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ ńlá rẹ̀ méjèèjì, ó kó gbogbo káàdì jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Kò mọ̀ ọ́n pò. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò kàn án rí. Káàdì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀, ó ń já bọ́ sáàárín ẹ̀rún igi nílẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á.

Àbúrò na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rọra gbá ọwọ́ náà dànù.

“Fi sílẹ̀, Apokáàdì. Èmi ni wọ́n nà.”

Ọkọ̀ tí yóò gbé àbúrò padà ti ń pe èrò lójú títì. Ó gbọ́ ọ, ó sì fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó ń dúró dè é kó pò ó tán.