Iná Tí Lábísí Dá fún Dáyámọ́ńdì

Lábísí alágbẹ̀dẹ wúrà ju dáyámọ́ńdì oníbàárà rẹ̀ sínú iná lójú àwọn àna, nítorí wọ́n ní ìgò ni.

Akínfẹ́mi ló ni dáyámọ́ńdì náà. Olùkọ́ ni ní Okeluse, ó sì fẹ́ gbé Tiwalọlá, ọmọ Iyere, níyàwó. Ó kó góòlù ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá sí ìsọ̀ Lábísí ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀: ẹ̀wọ̀n ọrùn tó ti já, yẹtí ẹyọ kan tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù, òrùka tó ti tẹ̀ wọ́rọ́kọ́. Ó ní kí Lábísí yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó fi rọ òrùka ìgbéyàwó fún òun. Iṣẹ́ Lábísí gan-an nìyẹn. Kì í ra góòlù tuntun. Èyí tó ti kán, tó ti já, tí àwọn obìnrin ń dì mọ́ ìdí àpótí, ni ó ń sọ di ọ̀tun fún wọn.

Kò sẹ́ni tó fà á lọ́wọ́ kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Raheem bàbá rẹ̀ kọ́ Ṣéhù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Lábísí ní tirẹ̀, ẹwìrì ni wọ́n ní kó máa fi finná. Bó ti ń finná ló ń wò, ohun tó sì wò ló fi dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí bàbá kú. Àṣẹ tí ó gbọ́ lẹ́nu bàbá náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ lórí wọn rí. Ẹni tó ni góòlù gbọ́dọ̀ jókòó ti iná títí góòlù rẹ̀ yóò fi yọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì sọ pé góòlù rẹ kì í ṣe góòlù, má bá a jiyàn. Dá iná.

Akínfẹ́mi jókòó. Ó wo góòlù ìyá rẹ̀ títí ó fi di omi, tó ń yí bírí nínú ìkòkò kékeré náà. Ojú rẹ̀ rọ̀. Lábísí ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ti òkúta tí yóò wà lórí òrùka, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní dáyámọ́ńdì tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ni òun fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n wa jáde nínú ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó sọ ti ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tí wọn kò dí, ti odò tó dọ̀tí, ti àwọn tó kú sínú kòtò.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn," ni Lábísí wí. "Ṣé ó le bíi ti inú ilẹ̀?"

"Ohun kan náà ni wọ́n, Mà. Ibi tí wọ́n ti bí wọn ló yàtọ̀."

"Ó tán."

Lábísí fi owó Akínfẹ́mi ra òkúta náà lọ́wọ́ Ibtisam, obìnrin kan tó ń tà á ní Èkó. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè ló ń sọ fún pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí àwọn ẹbí nìyẹn.

Ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé dé. Òrùka ti parí, ó ń dán lórí tábìlì, èékánná kéékèèké tí yóò di òkúta náà mú ṣì là sílẹ̀. Ignatius ló ṣíwájú, àbúrò bàbá Akínfẹ́mi, ará Imeri, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Zipporah, ìyá Tiwalọlá, tẹ̀ lé e. Agbẹ̀bí ni òun kó tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn ọ̀dọ́ Iyere ló sì gba ọwọ́ rẹ̀ wáyé. Akínfẹ́mi wà lẹ́yìn wọn, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìyá Ràhmát, ẹ kú iṣẹ́," ni Ignatius fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kí Lábísí. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìdílé tó níyì ni ìdílé wa. Ohun tí yóò bá wọ ìka ìyàwó wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó, ohun tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ fi pamọ́ sínú ilẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, tí ó..."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́?"

Ignatius gé ọ̀rọ̀ kúrú. "Wọ́n ní àlòkù góòlù lẹ fi ṣe òrùka, tí ẹ sì fẹ́ lẹ ìgò mọ́ ọn."

Lábísí gbé òòlù sílẹ̀. "Iyùn tí àwọn olóyè wa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ta ló rà á ní tuntun nínú wọn? Ọrùn baba ló ti bọ́ sọ́rùn ọmọ. Ẹ lọ bá wọn nílé, kí ẹ sọ fún wọn pé àlòkù ni wọ́n fi sọ́rùn."

Àwọn obìnrin tó ń kọjá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lábísí rí wọn. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, góòlù ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú àpótí irin tó wà lẹ́yìn òun. Bí ọkùnrin yìí bá fi ọ̀rọ̀ ìgò jáde níbí, kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ni yóò ti wá gba tiwọn. Kò sì ní sí ẹni tí yóò tún jókòó ti iná rẹ̀ mọ́.

"Èmi ò bá góòlù jà," ni Zipporah wí. "Òkúta ni mo bá wá. Ta ló fẹ́ fi ìgò fẹ́ ọmọ mi?"

"Kì í ṣe ìgò. Dáyámọ́ńdì ni. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é."

"Ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ṣe, ayédèrú ni."

"Ìyá Tiwa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ̀bí títí irun yín fi funfun. Ọmọ tí wọ́n fi abẹ gbé jáde ní ọsibítù, ṣé ayédèrú ọmọ ni?"

Zipporah fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yára mú ojú le. "Ẹnu yín mú. Ti gbogbo ayé lẹ ń yọ́, èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò wọná rí."

Ẹ̀gbà góòlù ọwọ́ òsì Lábísí ló ń wò. Raheem ló rọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyá náà sì fi sí Lábísí lọ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Ọwọ́ ti sanra láti ìgbà náà, ẹ̀gbà kò lè gba àtẹ́lẹwọ́ jáde mọ́. Bó bá ń fi òòlù lu irin, ẹ̀gbà a máa dún tẹ̀ lé e.

"Èyí kì í wọná," ni Lábísí wí.

"Ọ̀rọ̀ dídùn kò lè sọ ìgò di ohun iyebíye," ni Ignatius wí.

Lábísí yíjú sí i. "Bàbá, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló ń sọ̀rọ̀ dídùn?"

Ó dìde, ó ṣí gáàsì, ó ṣáná sí i.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ni Akínfẹ́mi wí, "èmi gbà yín gbọ́."

"Ìwọ kọ́ ló ń jiyàn. Jókòó, ìwọ lo ni ín."

Ó tú agolo rẹ̀, ó mú òkúta dídán kan, ìgò lásán, tó yọ lára yẹtí ọjà. Ó gbé e sórí bíríkì, ó gbé dáyámọ́ńdì tì í. Ó darí iná sí wọn lórí títí àwọn méjèèjì fi pọ́n bí ẹyin iná. Ó fi ẹ̀mú gbé ti ọjà jù sínú omi. Ó ta pàù, ó fọ́ yángá. Ó gbé dáyámọ́ńdì jù sí i. Omi hó ṣàà. Kò sí ohun tó fọ́. Ó fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó fi fa ara ìgò kan, ìlà sì hàn gbọọrọ lára ìgò náà.

"Ẹ wá wò ó," ni ó wí.

Àwọn obìnrin ẹnu ọ̀nà ti wọlé tán. Zipporah gba òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Lóòótọ́ ni, kò fọ́," ni ó wí. Ó tún gbé e súnmọ́ ojú. "Ṣùgbọ́n kí ló bo ojú rẹ̀?"

Lábísí gbà á. Òkúta tó ń tan ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀ ti funfun bàì, bí ojú arúgbó tí nǹkan bò. Ó fi aṣọ nù ún. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Funfun náà kò lọ.

Ignatius wúkọ́. "Ó ṣeni láàánú púpọ̀ pé nínú ìgbìyànjú láti fi òtítọ́ hàn..."

"Ẹ dákẹ́," ni Zipporah wí. "Ẹ̀yin lẹ pe iná."

Ìsọ̀ Ṣéhù kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Lábísí gbé òkúta náà lọ bá a. Ṣéhù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí.

"Ṣé o fi ìyẹ̀fun bò ó kó tó wọná?"

"Ìyẹ̀fun wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ń bo ara rẹ̀ kí iná má baà jẹ ẹ́. Òkúta kò dà bíi góòlù, Lábísí. Góòlù lè wọná níhòòhò. Iná máa ń jẹ òkúta lójú. Àwọn tó ń gé dáyámọ́ńdì nìkan ló lè tún un ṣe, kò sì ní tóbi tó bó ṣe wà mọ́."

"O ò sọ fún mi rí."

"O ò bi mí rí."

Àwọn obìnrin kò wá gba góòlù wọn. Zipporah gan-an ló ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun fi ojú òun rí i, pé ti ọjà fọ́, ti Ìyá Ràhmát kò fọ́. Ẹni tó tilẹ̀ ti fẹ́ gbé góòlù rẹ̀ lọ síbòmíràn gbé e wá. Orúkọ Lábísí dúró. Ṣùgbọ́n òrùka ṣì wà lórí tábìlì, èékánná rẹ̀ là sílẹ̀, kò rí ohun dì mú.

Akínfẹ́mi padà wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí Lábísí fi èyí tó funfun náà sí i bẹ́ẹ̀, pé Tiwalọlá gbà.

"Owó òkúta tó ń dán ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ," ni Lábísí wí.

"Ẹ kò ṣe é láti bà mí lọ́kàn jẹ́, Mà."

"Òkúta tó ń dán ni wàá gbà. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

Ó pe Ibtisam lórí fóònù. Ibtisam ní irú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n òun kò lè fi tuntun pààrọ̀ èyí tí iná ti jẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun kì í ta àwìn. Lábísí kò bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpótí irin wà, góòlù ìlú ló kún inú rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ òsì sórí tábìlì. Ó mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń gé góòlù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ré ẹ̀gbà náà ní ọwọ́ ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ayùn má baà kan ẹran ara.

Owó òkúta tuntun ni Lábísí ń wá, Ṣéhù ló sì ra ẹ̀gbà náà. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbé e dání fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá wọn ni.

"Máa lọ sílé," ni ó wí. "Bí mo bá yọ́ ọ tán, màá ránṣẹ́ sí ọ."

"Ẹni tó ni góòlù kì í dìde," ni Lábísí wí.

Ó fa àpótí ìjókòó mọ́ra, ó jókòó ti iná. Ó wò ó bí etí ẹ̀gbà náà ṣe kọ́kọ́ rọ̀, bí àwọn ìlà tí bàbá fi òòlù fà sára rẹ̀ ṣe pa rẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi di omi nínú ìkòkò. Nígbà náà ló tó dìde. Nígbà tó padà sí ìsọ̀, tó sì fi òòlù lu irin, ìró òòlù nìkan ló gbọ́.