Òdòdó Tó Lọ́kọ Tí Kò Lóyún

Ní abúlé wa, ìgbéyàwó la máa ń ṣe fún òdòdó fánílà. Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, obìnrin á mú ẹ̀gún ọsàn kan lọ́wọ́, á fi ya ẹnu òdòdó náà, á ká awọ pẹ́ńpẹ́ tó dínà láàárín akọ àti abo kúrò, á sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ó parí. Òdòdó tí kò bá rí ẹni gbé e níyàwó láàárọ̀ yẹn, kò ní pẹ́ tí á fi já bọ́. Èyí tó bá ti lọ́kọ á rọ, á gbẹ, ṣùgbọ́n á rọ̀ mọ́ orí èso kékeré ìdí rẹ̀ bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

Nicanora lorúkọ mi. Èmi ni tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa yìí, lẹ́yìn ìlú Papantla ní Mẹ́síkò. Doña Teódula, màmá mi, ló ni oko fánílà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnu obìnrin náà mú ju àdá lọ. Èmi náà kò kẹ̀rẹ̀, ẹni bíni là á jọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n, kò lè di ẹ̀gún mú mọ́. Ó wá fa oko náà lé Hermelinda lọ́wọ́, ìyàwó Crescencio àbúrò mi. Ọmọ etí òkun ni Hermelinda, ẹja ló mọ̀, kò mọ òdòdó. Ìdí àrò la jókòó sí nígbà tí Màmá là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Bí ọwọ́ rẹ bá tutù, oko yìí di tìẹ. Bó bá gbóná, ọkọ rẹ á hú gbogbo ìtàkùn yẹn, á gbin ọsàn síbẹ̀. Ọsàn kì í bèèrè irú ọwọ́ tí èèyàn ní."

Ọwọ́ gbígbóná ni àwọn ará ilé wa ń pe ọwọ́ tí ohun ọ̀gbìn kò fẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ mọ́ obìnrin kan, ó di dandan kó gbé e dé sàréè. Hermelinda sì fẹ́ oko náà tọkàntọkàn. Bàbá rẹ̀ kò ní ilẹ̀ rí láyé, inú ọkọ̀ ojú omi ẹlòmíràn ló darúgbó sí.

Nígbà tí òdòdó yọ ní oṣù kẹrin, Màmá gbé àpótí lọ sóko, ó jókòó, ó ń pariwo mọ́ ìyàwó.

"Rọra. Ìgbéyàwó lò ń ṣe fún un, o kò bá a jà."

"Màmá, ọkọ ló ń sá."

"Dì í mú nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Òdòdó rọ̀ mọ́ èso, èso ń gùn. Inú Màmá dùn débi pé ó se púlacles, ẹ̀wà àti irúgbìn elégédé tí a fi ewé dì, ó pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó òun. Kò sí ẹni tí kò gbọ́.

Ìgbà tó di oṣù kẹfà, oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa. Ìdí èso bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n ń já bọ́, èyí tó ti gùn ju ìka lọ pàápàá. Màmá dúró láàárín oko, ó fi ẹsẹ̀ yí wọn nílẹ̀.

"O kò gbé wọn níyàwó. O kàn ń fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́nu, o ń kọrin."

"Mo gbé wọn, Màmá. Iwájú yín ni mo ti gbé wọn."

"A jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ló gbóná. Crescencio, pọ́n àdá rẹ. Ní Sátidé, ìtàkùn yìí á kúrò nílẹ̀."

Crescencio lè gbé àpò ọsàn tí ẹṣin ń kọ̀, ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti la ẹnu, ńṣe ló máa ń rọ bíi búrẹ́dì inú kọfí. Ó lọ pọ́n àdá. Inú bí mi sí i gan-an.

Lọ́jọ́ kejì mo wà ní kíláàsì, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ òdòdó. Ọ̀rọ̀ méjì wà nínú ìwé wa. Èkíní ni pé àtíkè akọ, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, dé ara abo. Èkejì ni pé akọ àti abo di ọ̀kan, tí irúgbìn fi wà. Èémí kan ṣoṣo làwọn ọmọ fi máa ń ka méjèèjì, gbogbo abúlé ló sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ó wá ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ni àárín wọn ṣe jìn tó? Mo ṣí ìwé àgbà tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ tíṣà. Ó ní bí àtíkè bá ti dé, á yọ okùn kan tó tín-ín-rín ju irun lọ, okùn náà á sì máa wá ọ̀nà wọ inú èso lọ bá ohun tí yóò di irúgbìn. Ti fánílà, ó ní, lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. N kò dúró jẹun ọ̀sán, oko ni mo gbà lọ.

Mo bá Hermelinda lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ẹja la àwọn èso tó já.

"Kí lò ń wá nínú wọn?" mo bi í.

"Ẹyin ni. Nílé wa, Tíṣà, a kì í wo ikùn ẹja kí a ní ó lẹ́yin. À ń là á ni. Òmíràn á sanra bíi Póòpù ìjọ Àgùdà, òfìfo ni inú rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ tì í. Inú èso náà funfun, ó rọ̀, àwọn ohun wínníwínní tó wà níbẹ̀ ń yọ́ lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun tí omi kán sí. Mo sọ ohun tí mo kà fún un. Ó tẹ́tí, ó ń fi ọ̀bẹ lu orókún.

"Ó yẹ kí a rí èyí tí kò já, kí a fi wé e," ó ní.

Ìlà tó wà létí odò nìkan ni èso rẹ̀ kò tíì já. A lọ síbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, mo já ọ̀kan. Bí Màmá bá rí wa, ọwọ́ tèmi ni yóò kọ́kọ́ gé. Hermelinda là á. Irúgbìn inú rẹ̀ ti ń ní àwọ̀ kọfí, ó le, ó ń ta ko èékánná.

"Èyí lóyún," ó ní. "Tọ̀hún kò lóyún. Àwọn méjèèjì ló sì lọ́kọ, Tíṣà, torí òdòdó tí kò lọ́kọ kì í dúró di ọ̀la."

"Ṣé ọjọ́ kan náà lo gbé wọn níyàwó?"

"Àárọ̀ kan náà. Etí odò ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ń parí sí ìta níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gún kan náà, ọwọ́ kan náà."

Àwa méjèèjì gbójú sókè. Ewé ló bo orí wa létí odò. Lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run gbalasa ni. Màmá ló ní kí wọ́n gé ẹ̀ka àwọn igi ibòji nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó ní kí oòrùn lè rí òdòdó. A wo ara wa, Hermelinda sì ká èso méjèèjì sínú ewé.

Nígbà tó di Sátidé, Crescencio dé oko tàdá-tàdá. Hermelinda kò bẹ̀ ẹ́, kò sunkún. Ó gbé èso méjèèjì tí a là sórí ewé, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá.

"Màmá, ẹ wo inú wọn kí ẹ tó hú u."

Màmá wò ó. "Òdòdó tó bá lọ́kọ ti lóyún nìyẹn. Ọ̀kan náà ni."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà," mo ní. Mo ṣàlàyé okùn tó ń rìn nínú èso, bí ó ṣe ń pẹ́, bí ooru ṣe lè jẹ́ kí èso já kí ohun inú rẹ̀ tó di nǹkan. Mo retí kó ní kí n gbé ìwé mi jìnnà sí òun. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìka tó ń gbọ̀n tọ́ irúgbìn funfun náà wò.

"Nicanora, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé wọ́n lè gbé e níyàwó dáadáa, kó rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kó máa sanra lójú gbogbo ayé, kí inú rẹ̀ má sì di nǹkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kó má sì jẹ́ ẹ̀bi òdòdó?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi òdòdó. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́."

Crescencio bojú wolẹ̀. Ohun tó bà á lọ́kàn ló ba èmi náà. Kí Màmá tó fẹ́ bàbá wa, ó ti wà nílé ọkọ kan nísàlẹ̀ àfonífojì. Kò bímọ níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ sí ìta nínú òjò, ó ní ara rẹ̀ gbóná, nǹkan kan kò lè dúró nínú rẹ̀. Ilé bàbá wa ló ti wá bí gbogbo wa. Ọkùnrin yẹn fẹ́ ẹlòmíràn, ìyẹn náà kò bímọ. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ, Màmá kò mẹ́nu bà á rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀.

Màmá gbójú sókè, ó wo ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ lórí oko.

"Ta ló gé ẹ̀ka igi wọ̀nyí?"

Crescencio wúkọ́. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e, Màmá."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ ọ́ sí mi létí ni. Sọ àdá yẹn sílẹ̀."

Ó dá ewé náà padà fún Hermelinda, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jù ú sílẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ kò gbóná, ọmọ mi," ó ní. "Ilé tí a fi wọ́n sí ló gbóná."