Ọmọ Tó Dá Rélùwéè Dúró

Hortensia ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún kí òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Maricela, tó wakọ̀ wá sí abúlé rélùwéè tí wọ́n ti bí i, nínú aṣálẹ̀ lẹ́bàá ẹnubodè Mẹ́síkò. Don Eleuterio, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ibùdókọ̀ àtijọ́ náà, béèrè orúkọ ìyá rẹ̀.

“Amparo ni.”

“Háà! Ìwọ nìyẹn? Orí bẹ́ǹṣì yìí ló bí ẹ sí! Awakọ̀ rélùwéè ní òun ò ní lọ, àfi tóun bá gbọ́ igbe ọmọ.”

Maricela bú sẹ́rìn-ín. “Abájọ! Ọjọ́ yẹn lẹ ti ń dá èèyàn dúró, Màmá!”

Hortensia rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kó tó gbọ́njú, kò sì sẹ́ni tó sọ ìtàn yìí fún un rí.