Ọ̀pá Ìbọn Tí Sàlàkọ́ Gbé Ga Jù

Ní ọdún 1993, àwọn adigunjalè kọ lẹ́tà sí àdúgbò wa ní Ìdímù. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ká má wulẹ̀ yọ ọlọ́pàá lẹ́nu.

Ìbọn kan ṣoṣo la ní, ṣakabùlà Nùrẹ́nì tó ń ṣọ́ àdúgbò. Igi ìdí rẹ̀ ti là, ló bá gbé e fún Sàlàkọ́, alágbẹ̀dẹ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé láàrin wa. Sàlàkọ́ fi ìkánjú gbẹ́ igi mìíràn, ó gbé ọ̀pá ìbọn lé e lórí, ó sì fi wáyà dì í.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Nùrẹ́nì dán an wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe yìn ín, ẹnu ìbọn fò sókè, ìdí rẹ̀ sì fọ́ ọ léjìká. A gbọ́ bí eegun ṣe dá. Ọta kan ò kan páànù tó fojú sùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí o!” Nùrẹ́nì ké mọ́ Sàlàkọ́.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun. Kíá làwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Àwọn kan ti ń gba ọ̀nà Gowon Estate lọ.

Sìdíkátù, ìyàwó Sàlàkọ́, di ọkọ rẹ̀ mú. “Bàbá Àdíját, ẹ jẹ́ ká sá, jàre!”

“Ká wá fi ìyá mi sílẹ̀ fún ta ni?” Ìyá náà wà ní yàrá, ó ti tó ọdún méjì tí kò lè fẹsẹ̀ rìn.

Sàlàkọ́ yí ìbọn síwá sẹ́yìn, ó sì rí àṣìṣe rẹ̀. “Mo gbé ọ̀pá yìí ga jù. Bí ẹ̀tù bá gbiná, ó ń ti ọ̀pá sẹ́yìn lókè, èjìká sì dá igi dúró nísàlẹ̀. Ẹnu ìbọn ò ní ṣàì fò sókè. Wáyà tó dẹ̀ tún fún un láyè.”

Ó gbẹ́ igi náà jinlẹ̀ kí ọ̀pá lè wọnú rẹ̀, kó bá èjìká dọ́gba. Ìfági ya á lọ́wọ́, kò dúró. Ó fi ọ̀já irin dè é lọ́nà mẹ́ta.

“Ẹ ò ní dán an wò ni?” Sìdíkátù bi í.

“Ẹ̀tù tó tó yìn lẹ́ẹ̀kan péré ló kù. Bí mo bá dán an wò, kí la ó fi dè wọ́n?”

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, mọ́tò Pijó àwọn adigunjalè dúró ní ojúlé kejì sí tiwọn. Sàlàkọ́ ti dùbúlẹ̀ sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, Sìdíkátù ń ṣe kálímà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó rìn wá, ó sì na ìbọn rẹ̀ sí fèrèsé yàrá ìyá Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ yìn.

Ìbọn náà tì í sẹ́yìn gbọnrangandan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò yẹ̀. Ọkùnrin náà lọgun, ó di itan mú. Àwọn ìyókù wọ́ ọ sínú mọ́tò, wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde, wọ́n sì sá lọ.

Wọn ò padà wá mọ́. Apá Nùrẹ́nì náà ò sì gòkè ju àyà lọ mọ́ títí dòní. Kò sẹ́ni tó dá Sàlàkọ́ lẹ́bi, kódà Nùrẹ́nì fúnra rẹ̀ dárí jì í. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, Sàlàkọ́ ò tún ìbọn ẹnikẹ́ni ṣe mọ́.