Tọ́ọ̀ṣì Kọkànlélógójì

Èmi Digby Trezise ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ kan òkùnkùn tó ti wà kí Ọlọ́run tó dá ìmọ́lẹ̀. Mo bù ú sínú fúláàsì tíì mi bí ẹni bu ọbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi ṣí ìdérí rẹ̀ wò, ni ilẹ̀ bá ṣú nínú ilé wa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àkùkọ wa sùn títí ó fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ. Búrẹ́dì tó wà nínú ààrò jinná lápá kan, apá kejì kò rí ọ̀nà dé ibi tí iná wà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìyàwó mi, ṣùgbọ́n kó múra ìrìn àjò, torí ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Adelaide láti oṣù kìíní.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa, níbi tí a ti ń mu tíì. Mo na fúláàsì náà sókè kí wọ́n lè rí i. Kéèkì alágbọn kẹfà wà ní ọwọ́ mi kejì. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, Alàgbà Enoch Hosking.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni bàbá yìí, àgbẹ̀ àlìkámà àti olówò àgùntàn. Ogójì ọdún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ìtàn ọjọ́ mẹ́fà tí Ọlọ́run fi dá ayé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya àwòrán mẹ́fà tó kàn mọ́ ògiri gbọ̀ngàn náà, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Lórí ọjọ́ kẹfà, àgùntàn tó yà sápá kan bo Ádámù mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn.

Dókítà Thilini Ranasinghe ló ba oorun bàbá jẹ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, inú ihò tí a ti ń wa góòlù nílùú wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, ó wá bá ìlú sọ̀rọ̀, ó ní nǹkan kan wà tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí, ó pọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún gbogbo ohun tí à ń rí láyé àti lójú ọ̀run, ó sì ń gba ara wa kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́ kọjá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí abẹ́ àpáta, kìlómítà kan sísàlẹ̀, kí nǹkan náà lè kọlù ú bóyá lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì ti kọjá. Kò tíì kọlu nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan náà ni Bàbá Enoch ń bi àwọn èèyàn káàkiri: ọjọ́ wo ni wọ́n dá a? Tí kò bá sí nínú ọjọ́ mẹ́fà, ta ló dá a? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà tí kò kọ́ àwọn ọmọ mọ́. Ó ní kí òun tó máa purọ́ fún ọmọdé, òun á tú àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lára ògiri.

Òun ló wá fa apá aṣọ mi. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó jókòó ti èéfín.

"Digby," ló wí, "mo mọ̀ pé òpùrọ́ ni ọ́. Ṣùgbọ́n o máa ń dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Mú mi lọ."

Ẹni tó bá ní làákàyè á ní rárá. Èmi ní kí ló dé tí mi ò ní mú yín lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo mú un lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wa táńkà omi, kí n máa wọ́n omi sí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kí eruku má bàa pa wá. Pátákó kan wà ní ẹnu ihò wa. Ẹni tó bá fẹ́ wọlẹ̀ á fi idẹ pẹlẹbẹ tó ní orúkọ rẹ̀ kọ́ sórí pátákó náà, tó bá jáde, á mú un kúrò. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí kò bá ti sí idẹ kankan lórí pátákó, ọ̀gá á yí kọ́kọ́rọ́, dáínámáìtì á sì fọ́ àpáta nísàlẹ̀. Idẹ yẹn ni ẹ̀mí wa. Àní èmi pàápàá, tí mo ti fi òkú ẹja sínú akoto ọ̀gá rí, mi ò fi idẹ ṣeré rí.

Àlejò tí kò gba àṣẹ kì í ní idẹ. Mo ní kí bàbá má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, idẹ tèmi tó èèyàn méjì, ṣé kò rí bí mo ṣe sanra ni? Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi kan fún un, ó rì sínú rẹ̀. Mo fún un ní akoto. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì orí kan fún un láti ibi tí a máa ń kọ́ wọn sí kí iná lè wọ̀ wọ́n, ìkọ́ kọkànlélógójì. Ó bọ́ fìlà koríko rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìjókòó táńkà, mo fi ẹ̀wù òjò bo bàbá mọ́lẹ̀, a sì kọjá wọ inú ihò.

Mi ò mú un dé ibi ẹ̀rọ Dókítà. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì, wọ́n sì máa ń fọ ẹni tó bá fẹ́ wọlé bí ẹni fọ òkú. Mo mú un lọ sínú ọ̀nà àtijọ́ kan tí a ti pa tì, mo ní ibí yìí gan-an ni mo ti bu tèmi. Mo ní kó jókòó sórí òkúta, kó pa tọ́ọ̀ṣì, kó má sọ̀rọ̀, ó máa tó mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí n lọ gbé ọkọ̀ pamọ́, kí n bọ́ bàtà, kí n yọ́ padà wá fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́rùn. Mo ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí rédíò fi pè mí. Páìpù ti bẹ́ lókè, kí n gbé omi bọ̀ kíá. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi fa páìpù nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo parí, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti ń parí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń jáde, wọ́n ní kí n sọ ti àkùkọ fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sì mọ̀ mí. Lọ́tẹ̀ yìí òkùnkùn náà tú jáde nínú ilé mi, ó bo gbogbo ìlú, ọkọ̀ ojú omi ń kọlu ara wọn ní èbúté Melbourne. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ mi dá tọ́ọ̀ṣì mi padà, ó sì mú idẹ mi kúrò lórí pátákó, ó sọ ọ́ sínú àpò. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò bi mí.

Mo padà lọ ti ilẹ̀kùn táńkà. Fìlà koríko wà lórí ìjókòó.

Ẹnu tí mo fi ń rẹ́rìn-ín kò pa dé. Ó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ rí pé ẹ̀rù kan bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí irun mi já bọ́ tó sì tún hù. Irọ́ ni. Èyí kò ṣe nǹkan kan sí irun mi. Mo kàn gbá fìlà náà mú, mo sì ki eré mọ́lẹ̀. Agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Ọ̀gá Corrie Kitto wà ní yàrá tí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Obìnrin kékeré ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè rẹ́ irun àgùntàn. Kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú ihò rẹ̀. Mo ní Bàbá Enoch wà nísàlẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Kangarú ńkọ́?" ló wí. "Òun náà ti jáde?"

Nítorí pé lóṣù tó kọjá, mo ti fi rédíò kéde pé kangarú kan ń wa katakata nísàlẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo ti dá dáínámáìtì dúró lẹ́ẹ̀kan pé eyín àtọwọ́dá mi wà nísàlẹ̀, nígbà tó wà ní ẹnu mi. Ó tọ́ka sí pátákó: kò sí idẹ kankan, kí n jáde. Mo búra. Mo sunkún. Ó ní ẹkún tí mo sun nítorí eyín ju èyí lọ. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni bàbá arúgbó ṣe débẹ̀? Mo mọ èsì rẹ̀, èsì náà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bóyá á tún fi mí sí ẹ̀wọ̀n. Ni mo bá ní ó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ mi láìjẹ́ kí n mọ̀.

Láàárín ìgbà tí ẹ̀mí bàbá wà lórí òṣùwọ̀n, irọ́ ni mo tún fi kún un. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo rẹ̀ títí dòní nìyẹn.

Agogo náà ń lọ. Dókítà Thilini wọlé wá fọwọ́ sí ìwé ìjáde, omi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó gbọ́ ariwo wa, kò wo ojú mi, kò wo pátákó. Àwọn tọ́ọ̀ṣì tó kọ́ sára ògiri ló ń wò. Ó bi ọ̀gá pé mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀gá ní ọgọ́ta.

Dókítà ní, "Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mo kà. Ìkọ́ kọkànlélógójì ṣófo."

"Ẹnì kan ti gbé e lọ sílé ni. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n, Ọ̀gá Corrie, iṣẹ́ wo lẹ rò pé mò ń ṣe nísàlẹ̀ láti ọdún méjì? Mi ò rí nǹkan náà rí. Ìṣirò ni kò pé. Òun nìkan ni mo ní. Tí ìṣirò ò bá sì pé, mi ò lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ọ̀gá Corrie wo ìkọ́ tó ṣófo náà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó fi kọ́ ọrùn, ó ní, "Digby, wa ọkọ̀."

Àwa mẹ́ta la sọ̀ kalẹ̀. A bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò dáínámáìtì sí, wáyà aláwọ̀ ọsàn ń rọ̀ jáde lára ògiri bí ahọ́n. Mo ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àtijọ́ náà. Ogún. Mo pe bàbá. Ohùn mi lọ, ó dé ìsàlẹ̀, ó padà wá bá mi nìkan. Mo tún pè é. Ní àkókò yẹn, èmi tí mo ti bu òkùnkùn sínú fúláàsì, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀. Dókítà ló kọ́kọ́ wọlé.

Ó wà lórí òkúta tí mo fi í sí. Ó kọjú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò tàn. Mo rò pé ó ti kú.

"Ẹ má tan iná yẹn sí mi lójú," ló wí.

Ọ̀gá bi í pé kí ló dé tí kò dáhùn. Bàbá ní ẹni tó mú òun wá ló ní kí òun má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ ohùn Dókítà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo ni wọ́n dá a?"

"Bàbá, mi ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí i, ilé yín ni mo máa kọ́kọ́ wá."

Ó mi orí. Ó ní ẹ̀rù ba òun níbẹ̀ bí kò ṣe ba òun rí láyé. Ó ní ó dé ibì kan tí òun kò mọ̀ bóyá òun ní ọwọ́ mọ́. Òun gbé e sójú, òun kò rí i. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún òun, òun sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Àwòrán mẹ́fà ni mo ń kà," ló wí. "Ogójì ọdún. N kò ka ògiri tí mo kàn wọ́n mọ́ rí, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé wọn dúró. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ṣùgbọ́n n kò ní tú wọn sílẹ̀ mọ́."

Nígbà tí a dókè, àwọn òṣìṣẹ́ ti pé jọ. Ọ̀gá Corrie gba tọ́ọ̀ṣì náà, ó fi kọ́ ìkọ́ kọkànlélógójì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá wí pé àgbàlagbà kì í sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ síbi ilẹ̀kùn.

"Sá pamọ́?" ni Bàbá Enoch wí. "Pẹ̀lú orúnkún yìí? Má bá Digby wí o, Corrie, ọmọ dáadáa ni. Òun ló wọṣọ fún mi. Òun ló fún mi ní tọ́ọ̀ṣì, tó ní kí n pa á, ó sì ní kí n má dààmú nítorí idẹ, pé tòun tó ẹni méjì." Ó yíjú sí mi. "Fúláàsì yẹn dà, ọmọ mi? Mo fẹ́ fi tìrẹ wé èyí tí mo rí."

Ọ̀gá Corrie yọ fúláàsì náà ní ìbàdí mi, ó ṣí i, ó dorí rẹ̀ kodò. Tíì tútù dà sílẹ̀, pẹ̀lú mílíìkì.

Mi ò dúró kí ó kán tán. Mo gba ojú fèrèsé jáde, mo fo wáyà ọgbà àgùntàn mẹ́ta, bàtà mi kan wà nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀ títí dòní. Ohùn Ọ̀gá Corrie tẹ̀ lé mi dé òpin oko àlìkámà, ó sì yára jù mí lọ.