Ìkíni Ẹnu Kòtò

Ní iléeṣẹ́ ọṣẹ wa ní Ọ̀gbà, ẹni tó bá wọ kòtò abẹ́ ilẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀, a ó so okùn mọ́ ọn níbàdí. Èmi á dúró lẹ́nu kòtò, màá máa kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí kò bá ti dáhùn, ká fà á jáde ló kù. Bàbá Súárà, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìwakùsà ní Jọs kí ètò ọrọ̀ ajé SAP tó dé, ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú kì í kígbe kó tó pààyàn.

Ni Déolú, ọ̀gá tuntun, bá ní ariwo ni à ń pa, kí n panu mọ́. Inú bí mi. Kò sẹ́ni tó wọ kòtò mọ́.

Ó ní ọ̀lẹ ni wá, ó so okùn, òun fúnra rẹ̀ sì wọ ibẹ̀. Bàbá Súárà di okùn mú gírígírí. Mo panu mọ́ bó ṣe pàṣẹ.

Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi jáde látinú òkùnkùn: "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Ohùn náà tún jáde:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí mi."

A kí i, ó ń dáhùn, títí ohùn wa fi há.