Òdòdó Aṣálẹ̀ Bàbá Yusrah

Làtíìfù ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan níwọ̀n, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wa bọ́ọ̀sì ní Peckham ní London, kò sì sí èrò tó ń sáré bọ̀ tí kò dúró dè. Bó ṣe ṣe òdòdó náà nìyẹn, èyí tí Yusrah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ láti Arizona ní Amẹ́ríkà.

Ìbátan ẹ̀wà ni òdòdó ọ̀hún, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá aṣálẹ̀ ló ti ń hù, ọdọọdún ló sì ń rúwé padà láti ìdí gbòǹgbò rẹ̀. Yusrah kọ ọ́ sínú ìwé pé kò fẹ́ omi púpọ̀, pé tó bá ti tanná, kí Daddy ya fọ́tò rẹ̀ fún òun. Làtíìfù ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn, àlejò ò ní wọlé òun kí òun má fún un lómi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, omi tó bá ṣẹ́kù nínú bútà àlùwàlá, orí òdòdó ló ń dà á sí. Tó bá dà á tán, á pe Yusrah: ṣé o ti jẹun? Ṣé ara le? Nígbà mìíràn, òru ni lọ́hùn-ún o. Nígbà tó yá, Yusrah ò gbé fóònù mọ́, ewé òdòdó náà sì ń pọ́n, ó ń já bọ́.

Ọkàn bàbá yìí bàjẹ́ gan-an. Fọ́tò yẹn nìkan ló kù tó lè fi rí èsì gbà lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Àsúmáù, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe irun ní Rye Lane, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Yusrah, ẹ̀yin lẹ ń fi omi pa á."

Ó gbé ìkòkò òdòdó lọ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí dráyà ti ń fẹ́ ooru látàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń ta omi sí i. Ó sì kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé bútà ò gbọ́dọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù òun.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, òdòdó tanná, elésè àlùkò, ó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Làtíìfù sáré dé, ó ya fọ́tò mẹ́rìnlá, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Bó ṣe fẹ́ máa tẹ nọ́ńbà Yusrah báyìí, Àsúmáù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má bomi sí ìyẹn náà."

Ó gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo fóònù. Àlásárì kọjá. Ó kù díẹ̀ kí màgàríbì wọlé, fóònù dún.

"Daddy, ṣé ẹ wà okay? Ẹ ò call mi since yesterday."

Ẹnu ń yún Làtíìfù láti bi í bóyá ó ti jẹun. Àsúmáù ń wò ó. Ó gbé ìbéèrè náà mì.

"Ara mi le, ọmọ mi. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Máa sọ̀rọ̀."

Yusrah sọ̀rọ̀ títí bátìrì fi kú.